Mo fẹ́ fi ọwọ́ ya àwòrán iṣẹ́ gàrí fún àwọn òṣìṣẹ́ tuntun: báwo ni kí n ṣe é?

ỌmọOdògbolú kọ:

Ẹ kú ojúmọ́ gbogbo ilé o. Ìyá mi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ibùdó gàrí kan lẹ́bàá Odògbolú. Àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ kì í pẹ́ níbẹ̀. Kí ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ náà dunjú, ó ti rí iṣẹ́ míì sí Ṣàgámù. Bí ẹni tuntun bá tún dé, màmá á tún bẹ̀rẹ̀ látorí bíbó ẹ̀gẹ́ títí dé orí yíyan gàrí. Àwọn kan nínú wọn kì í sì í ṣe Yorùbá, ará Benue wà níbẹ̀, ará Kútọnu náà wà níbẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ò tó.

Ohun tí mo ń rò ni kí n ya àwòrán sójú pátákó, kí ẹni tó bá dé lè wò ó kó mọ ohun tó kàn. Mo lè yàwòrán díẹ̀, mo ṣe iṣẹ́ ọnà ní sẹ́kọ́ńdírì, àmọ́ irú èyí tó ń ṣàlàyé iṣẹ́ fúnni yìí, mi ò ṣe é rí. Ṣé kí n kó gbogbo ẹ̀ sójú pátákó kan ni? Ṣé kí n fi àwọ̀ sí i? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó ràn mí lọ́wọ́.

Gbàǹja4Life kọ:

Kí lo fẹ́ máa fi pẹ́ńsùlù dára ẹ láàmú fún? Fóònù wà lọ́wọ́ ẹ. Ya fọ́tò, lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní Ìjẹ̀bú-Òde, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ó parí.

Alákálàmù kọ:

Gbàǹja, fóònù kì í ṣa ohun tó máa mú. Gbogbo ohun tó bá wà níwájú ẹ̀ ló ń kó: ewúrẹ́ tó ń kọjá, bàtà tí wọ́n bọ́ sílẹ̀, aṣọ tí wọ́n sá sẹ́yìn. Ẹni tuntun á tẹjú mọ́ fọ́tò náà títí, kò ní mọ èwo nínú wọn ni iṣẹ́. Ọwọ́ èèyàn ní tiẹ̀ máa ń ṣa nǹkan. Ohun tí kò bá kan ọ̀rọ̀ náà, mi ò ní yà á rárá, ojú ẹni tó ń wò ó á sì lọ síbi tí mo fẹ́ kó lọ.

Iṣẹ́ kíkọ pátákó ni mo ń ṣe láti kékeré ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí àwọn oníflẹ́ẹ̀sì tó gbà á lọ́wọ́ wa. ỌmọOdògbolú, má tíì ra ọ̀dà. Kọ́kọ́ jókòó ti màmá nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, kó o máa wo ọwọ́ wọn. Ọwọ́ ni kó o wò o, má wojú. Ibi tí ọwọ́ bá ti pa iṣẹ́ dà, láti orí ọ̀bẹ bọ́ sínú omi, láti inú omi bọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni àwòrán tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kó wà nínú àwòrán kan. Bí ọwọ́ bá ń ṣe nǹkan méjì nínú ẹ̀, pín in sí méjì.

Tísà_Ìsarà kọ:

Mo kí gbogbo yín o. Mo fara mọ́ ohun tí Alákálàmù sọ, mo sì fẹ́ fi ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ tì í lẹ́yìn. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn, a máa ń dé orí Erédò Súngbọ́. Ẹ mọ̀ pé yàrà àti odi náà yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Gígùn rẹ̀ lé ní kìlómítà 160, ó sì láwọn ibi tó jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi, ó tó mítà 20. Ó dáa, ẹ lọ ya fọ́tò rẹ̀ wá kí n wò ó. Ewé lẹ máa rí! Igi ti hù sínú rẹ̀, ìtàkùn ti bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọmọ tí mo bá fi fọ́tò hàn á ní, "Tísà, igbó ni mo rí."

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń gé ilẹ̀ náà lójú pátákó, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n lè máa wò ó látẹ̀gbẹ́. Ìlà kan ni: á tẹ́ díẹ̀, á já wálẹ̀ ṣòòròṣò, á tẹ́ nísàlẹ̀, á tún gòkè kọjá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, kó tó wá rọra sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn odi. Nígbà náà ni màá ya èèyàn kékeré kan sí ìsàlẹ̀ yàrà. Ẹ ò mọ ariwo tó máa ń sọ ní kíláàsì nígbà tí wọ́n bá rí bí ọkùnrin yẹn ṣe kéré tó. Lẹ́yìn ìyẹn, màá fi ṣọ́ọ̀kì pupa kun yàrà, màá fi ṣọ́ọ̀kì pupa kan náà kun odi, kí wọ́n lè rí i pé iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ níbí ni wọ́n kó jọ sọ́hùn-ún. Kì í pẹ́ tí ọmọ kan á fi nawọ́: "Tísà, báwo ni wọ́n ṣe gbé iyẹ̀pẹ̀ náà gòkè?" Fọ́tò ewéko kò lè mú ọmọ béèrè irú ìyẹn láéláé.

Patrick Darling, awalẹ̀pìtàn kan ará Britain, tó fẹsẹ̀ rin Erédò yìí tó sì wọ̀n ọ́n ní àwọn ọdún 1990, ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn lókè òkun gbọ́ nípa rẹ̀. Irú àwòrán tí wọ́n gé láàárín bẹ́ẹ̀ ni àwọn awalẹ̀pìtàn fi ń sọ ohun tí wọ́n bá rí títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ ayàwòrán pọ̀ lọ́wọ́ wọn. (Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú tí kò tíì dé Òkè-Ẹ̀rí rí, níbi tí wọ́n ní sàréè Súngbọ́ wà, kó lọ o.)

Gbàǹja4Life kọ:

Tísà, mo gbà fún Erédò sà. Àmọ́ gàrí ò sí nínú igbó. Fídíò ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì_Ìkẹ́nnẹ́ kọ:

Fídíò dáa fún ẹni tó fẹ̀yìn tì sórí àga. Ẹni tí omi ẹ̀gẹ́ ti bo ọwọ́ ẹ̀ dé ìgùnpá, ọwọ́ wo ló fẹ́ fi tẹ fóònù? Àwòrán ara ògiri ò gba dátà, iná kì í tán lára ẹ̀, ó sì ń dúró de èèyàn. O wò ó, o padà sẹ́nu iṣẹ́, o tún gbójú sókè wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fojú ara mi rí. Nílé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́, káàdì kan wà lára ògiri fún àwọn ìyá tí ọmọ wọn ń yàgbẹ́ gbuuru. Omi iyọ̀ àti ṣúgà ló wà níbẹ̀, èyí tá à ń ṣe nílé nígbà tí kò bá sí ORS (ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti pò sínú ọ̀rá) nítòsí: omi mímọ́ sẹ̀ntílítà 60, ìyẹn ìgò bíà ńlá kan tàbí ìgò mínírà kékeré méjì, ṣíbí tíì mẹ́wàá ṣúgà, tàbí kóró márùn-ún tó bá jẹ́ ṣúgà oníkóró, ṣíbí tíì kan iyọ̀. Ṣíbí tíì kékeré oní-mílílítà mẹ́ta ni o, pẹrẹsẹ sì ni gbogbo ṣíbí yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́.

Ẹni tó ya káàdì náà mọ àwòrán yà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ya ṣíbí kan tí ṣúgà kún bámúbámú lórí ẹ̀, ó wá kọ "10" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ṣíbí iyọ̀ náà ga gègèrè. Ó dùn ún wò lóòótọ́! Ohun tí ìyá bá sì rí nínú àwòrán ló máa ṣe nílé. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu fún ọmọ tó ti gbẹ lára.

Mo bá mú bírò, mo tún un yà sẹ́yìn páálí. Mo ya ṣíbí látẹ̀gbẹ́, mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ lé ẹnu ẹ̀, mo wá ya èyí tí ọ̀bẹ gbá kúrò tó ń já bọ́ sílẹ̀. Ìyẹn dúró fún pẹrẹsẹ, kò sí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ ẹ̀. Ti ṣúgà, mi ò kọ 10. Ṣíbí mẹ́wàá ni mo yà, márùn-ún lókè, márùn-ún nísàlẹ̀. Ìyá tí ò mọ nọ́ńbà á fi ìka tẹ ṣíbí náà lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń bù ú. Ìgò náà, mo ya ìgò tó ní ọrùn àti ìdérí bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n, mi ò ya ife oníwọ̀n ilé ìwòsàn tí kò sí nílé ẹnikẹ́ni.

Tísà_Ìsarà kọ:

Nọ́ọ̀sì, ohun tẹ́ ẹ fi ṣíbí mẹ́wàá ṣe yẹn, ó ní ìtàn ní ilẹ̀ yìí, ó sì kan ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni kan wà tó ń jẹ́ Otto Neurath, ará Austria. Láti àwọn ọdún 1920 ni òun àti àwọn ayàwòrán rẹ̀ ní Vienna ti ń fi àwòrán kéékèèké ṣàlàyé ètò ìlú fún àwọn mẹ̀kúnnù. Isotype ni wọ́n pè é. Òfin kan tí wọ́n dì mú ni pé bí nǹkan bá pọ̀, ẹ má ya ẹyọ kan kó tóbi. Ẹyọ náà ni kẹ́ ẹ yà léraléra, iye kan náà ni kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dúró fún. Ìdí ni pé bí ẹ bá ya ọkùnrin kan kó ga ní ìlọ́po méjì, ó ti fẹ̀ sí i náà, ojú á sì rò pé ó ti tó ìlọ́po mẹ́rin.

Neurath kú ní 1945, ìyàwó rẹ̀, Marie, ló ń bá iṣẹ́ náà lọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní àwọn ọdún 1950, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà gbéṣẹ́ fún wọn, láyé Awólọ́wọ̀. Ìyá náà fúnra rẹ̀ wá sí Ìbàdàn. Wọ́n ṣe àwọn ìwé pẹlẹbẹ tó kún fún àwòrán, tó ń ṣàlàyé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní January 1955, ètò ìlera àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Wọn ò kàn kó àwòrán òyìnbó wá o. Wọ́n tún àwọn àmì wọn yà kí aṣọ, ilé àti oko inú rẹ̀ lè jọ ti ọ̀dọ̀ wa. Ìjọba tó ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ mọ̀ pé àwọn òbí tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ wọn ò kàwé. Ó yẹ kí àwọn ìjọba ìsinsìnyí tó ń lẹ ìwé òfin mọ́ ògiri kànsù lọ wo àwọn ìwé yẹn.

AyaOlóyè kọ:

Tísà, ẹ ṣé gan-an ni sà. Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n bí mi sí, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ ọ.

Wáyà_Ṣàgámù kọ:

Ẹ jẹ́ kí àwa oníná náà sọ tiwa, torí àwòrán la fi ń jẹun. Kọ́sítọ́mà á ra bátìrì sólà méjì, oní-12 fólítì, á ní kí n ṣáà so ó pọ̀. Bí mo bá fẹnu ṣàlàyé pé ọ̀nà méjì la lè gbà so ó, á ní mo fẹ́ jẹ owó òun. Mo máa ń fa páálí inú ẹ̀rọ náà ya ni, màá mú bírò. Ọ̀nà kìíní: bátìrì méjì lórí ìlà kan, ẹnu pọ́sítíìfù èyí sí ẹnu nẹ́gátíìfù ìkejì. Fólítì ló pọ̀ sí i, ó di 24, ampere-hour (ìyẹn iye iná tó lè máa ṣàn jáde fún wákàtí kan) ò yí padà. Ọ̀nà kejì: bátìrì méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pọ́sítíìfù sí pọ́sítíìfù, nẹ́gátíìfù sí nẹ́gátíìfù. Fólítì ṣì jẹ́ 12, ampere-hour ló di ìlọ́po méjì. Tó bá ti rí ìlà méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, òun fúnra ẹ̀ á fi ìka tọ́ka sí èyí tó bá ẹ̀rọ ẹ̀ mu.

Ẹ sì wò ó, bátìrì tí mo yà yẹn ò jọ bátìrì rárá. Àpótí lásán ni, pẹ̀lú + àti −. Ọkùnrin tó ya máàpù ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, Harry Beck, ìlà iná ni iṣẹ́ tó ń yà tẹ́lẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ó ya máàpù náà ní 1931, wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo èèyàn ní 1933. Kò bìkítà bí ojú irin náà ṣe wọ́ kọrọkọrọ tó lábẹ́ ilẹ̀. Ó na gbogbo ẹ̀ tọ́, ó fi àlàfo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba sáàárín ibùdókọ̀. Ohun tí èrò fẹ́ mọ̀ ò ju ibi tó máa wọ̀, ibi tó máa pààrọ̀ ọkọ̀ àti ibi tó máa sọ̀. Bí mo ṣe ń ya ọ̀nà fún dírẹ́bà tó ń kó ẹrù bọ̀ wá fún mi náà nìyẹn: ìlà kan láti Ṣàgámù, Odògbolú, Ìjẹ̀bú-Òde, ó di Ọ̀rẹ̀. Kọ́nà ọ̀nà àti kòtò, dírẹ́bà á bá a níbẹ̀.

Gbàǹja4Life kọ:

Kòtò yẹn gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ yà 😂

ỌmọOdògbolú kọ:

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin àgbà. Mo ti jókòó ti màmá bí bọ̀dá Alákálàmù ṣe ní kí n ṣe. Mo ya àwòrán mẹ́jọ sórí ìwé: bíbó, fífọ̀, rínrin nínú ẹ̀rọ, dída sínú àpò, kíkan, fífi jáàkì fún un, jíjọ̀, yíyan. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kan: báwo ni màá ṣe mọ̀ pé ó yé wọn kí n tó kùn ún sórí pátákó?

Alákálàmù kọ:

Má bi wọ́n pé "Ṣé ó yé yín?" Bẹ́ẹ̀ ni ni wọ́n máa sọ, torí ojú ń tì wọ́n, wọn ò sì fẹ́ kó o bínú. Gbé ìwé náà fún wọn, dákẹ́, kó o wá ní "Kí lẹ rí?" Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ, kọ ọ́ sílẹ̀. Má jà, má ṣàlàyé. Màmá ò gbọ́dọ̀ dá sí i. Ẹni tí ò mọ iṣẹ́ náà rárá ni kó o bi, ọ̀gá gàrí ò lè bá ẹ rí àṣìṣe nínú ẹ̀ torí orí ẹ̀ á ti bá ẹ kún àlàfo tó o fi sílẹ̀.

ỌmọOdògbolú kọ:

Mo ti ṣe é. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ó yà mí lẹ́nu.

Ọmọbìnrin ará Kútọnu kan bẹ̀rẹ̀ kíkà ẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún. Ó ní wọ́n ń yan nǹkan, wọ́n ń jọ̀ ọ́, wọ́n ń fún un, wọ́n wá ń rin ín. Mo rò pé torí pé kò kàwé ni, ó ṣe kóńgẹ́ pé ó kàwé dáadáa. Ó ní ẹnu ọ̀nà tá à ń gbà wọlé wà lọ́wọ́ ọ̀tún, èyí tóun bá kọ́kọ́ kàn lòun kọ́kọ́ wò.

Ẹnì kejì ò mọ ohun tí ọfà tí mo yà sáàárín àwọn àwòrán ń ṣe níbẹ̀. Ó ní ọ̀bẹ ni, ó ń bi mí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún.

Ẹnì kẹta rí ọwọ́ méjì tí mo yà pẹ̀lú ọ̀bẹ àti ẹ̀gẹ́, ó ní "Ta ló gé ọwọ́ yìí?" Bọ̀dá Alákálàmù ní kí n máa wo ọwọ́, mo bá ya ọwọ́ nìkan. Àṣé ó yẹ kí ara wà lẹ́yìn ẹ̀.

Tísà_Ìsarà kọ:

O ṣeun, ọmọ mi, àwọn ìdáhùn wọ̀nyí dára gan-an. Ti ọwọ́ yẹn, fa ìlà apá dé èjìká, kó o ya orí tó tẹ̀ ba. Kò nílò imú tàbí ẹnu. Ti ẹnu ọ̀nà ńkọ́? Kí ló dé tó fi jẹ́ dandan kí àwòrán mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wà lójú kan? Gbé àwòrán bíbó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń bó, gbé ti jáàkì lọ sára òpó tó wà lẹ́bàá jáàkì. Ẹni tó dúró síbi iṣẹ́ kan, iṣẹ́ yẹn nìkan ló máa rí. Ọfà ò wúlò mọ́ nìyẹn, torí ẹsẹ̀ wọn ló máa gbé wọn láti àwòrán kan dé òmíràn.

Nọ́ọ̀sì_Ìkẹ́nnẹ́ kọ:

Tísà ti sọ gbogbo ẹ̀ tán. Àwa náà ń ya ẹ̀fọn tó tóbi bí ẹyẹ sára ògiri, àwọn ìyá ń sọ pé irú ẹ̀fọn yẹn ò sí ní Rẹ́mọ. Ẹ ya nǹkan bó ṣe tóbi mọ lójú ẹni tó ń wò ó, tó bá sì di dandan kẹ́ ẹ mú un tóbi, ẹ ya ìka èèyàn tì í.

Ọmọ_ÀgọÌwòyè kọ:

Ẹ kú ìjókòó o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Àgọ́-Ìwòyè. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń yà látàárọ̀ ni ohun tí ojú rí. Èyí tí ojú ò rí ńkọ́? Kí nìdí tí ẹ̀gẹ́ fi gbọ́dọ̀ pẹ́ nínú àpò? Ẹni tí ò mọ̀ á máa kánjú, pàápàá tí ọjà bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Èròjà kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tó ń jẹ́ linamarin, òmíràn sì wà tó ń jẹ́ linamarase. Wọ́n wà nínú ẹ̀gẹ́ kan náà, ara wọn ò kanra, bí ayálégbé méjì tí ògiri wà láàárín wọn. Tí ẹ̀rọ bá rin ẹ̀gẹ́, ògiri wó, wọ́n pàdé, linamarase á tú linamarin palẹ̀, sayánáìdì, tó jẹ́ májèlé, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìdí tá a fi gbọ́dọ̀ fún wọn láyè nìyẹn. Apá kan nínú májèlé náà á bá omi lọ lábẹ́ jáàkì, apá kan á bá ooru agbada lọ. Èyí ṣeé yà: àwòrán mẹ́ta péré, ògiri lódindi, ògiri tó wó, àti àmì kékeré tó ń bá omi àti èéfín jáde.

Alákálàmù kọ:

Àwòrán rẹ dáa, àbúrò, àmọ́ má gbé e síbi iṣẹ́. Ẹni tó ń rin ẹ̀gẹ́ fẹ́ mọ ibi tó máa fi ìka ẹ̀ sí kí ẹ̀rọ má bàa gé e. Ọ̀rọ̀ ayálégbé ò lè ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ọmọ_ÀgọÌwòyè kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí ò mọ ìdí ló máa tú àpò kí ọjọ́ tó pé.

Nọ́ọ̀sì_Ìkẹ́nnẹ́ kọ:

Èmi wà lẹ́yìn Ọmọ_ÀgọÌwòyè. Ẹ gbé e sí ibi tí wọ́n ti ń jókòó jẹun, níbi tí ààyè wà láti bèèrè ọ̀rọ̀.

ỌmọOdògbolú kọ:

Mo ka ọ̀rọ̀ yín sétí màmá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ti ń yàwòrán tipẹ́. Wọ́n mú mi lọ síbi tí wọ́n to àpò sí. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń fi èédú fa ìlà kan sára àpò kọ̀ọ̀kan. Ìlà mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta. Àpò tí ìlà ẹ̀ ò tíì pé, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ mọ̀ pé gàrí Ìjẹ̀bú máa ń pẹ́ nínú àpò ju ti ọ̀pọ̀ ibòmíì lọ, ibẹ̀ ló ti ń gba kíkan ẹ̀. Mo ti kọjá lára àwọn àpò yẹn láìmọye ìgbà, ìdọ̀tí ni mo pe àwọn ìlà náà. Nítorí náà, àwòrán kíkan ò ní sí lára ògiri mọ́. Màá ya àpò tó ní ìlà, pẹ̀lú ọwọ́ tó mú èédú.

Ṣùgbọ́n wọ́n kọ àwòrán yíyan. Wọ́n ní ta ló lè ya ìgbà tí gàrí jinná? Wọ́n ní etí làwọn fi ń mọ̀ ọ́n: bí gàrí ṣe ń dún lára agbada nígbà tó tutù yàtọ̀ sí bó ṣe ń dún nígbà tó ti gbẹ. Mo gbé igbá fún wọn pé kí wọ́n fi hàn mí, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Kí ni kí n yà síbẹ̀?

Tísà_Ìsarà kọ:

Ya ẹni tuntun tó dúró ti agbada, kó na ọwọ́ sókè, kó máa pe màmá. Kí màmá máa bọ̀, kí ọwọ́ wọn wà létí. Ohun tí àwòrán ò lè sọ, kó sọ ẹni tó yẹ kí wọ́n bi.

AyaOlóyè kọ:

Háà, Tísà! Ìyẹn dùn mọ́ mi.

Gbàǹja4Life kọ:

Ẹ̀yin èèyàn yìí, ayé ti kọjá ibẹ̀ o. Mo sọ fún AI pé kó ya iṣẹ́ gàrí Ìjẹ̀bú fún mi, kò pé ìṣẹ́jú kan. Ẹ wò ó, ó ń dán gbinrin.

AyaOlóyè kọ:

Mo wò ó. Obìnrin inú ẹ̀ ní ìka mẹ́fà, orí sítóófù onígáàsì ló gbé agbada kà, jáàkì ẹ̀ jọ ẹ̀rọ ìrèké. Ọ̀rọ̀ tó kọ sísàlẹ̀, kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tuntun tó bá tẹ̀ lé e, ó dọwọ́ Olúwa.

Alákálàmù kọ:

Ẹ má fi Gbàǹja ṣẹ̀sín jù, fọ́tò tó kọ́kọ́ sọ yẹn wúlò fún nǹkan kan. ỌmọOdògbolú, ya fọ́tò màmá nídìí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tẹ̀ ẹ́ jáde, gbé e lé gíláàsì fèrèsé lọ́sàn-án, fi ìwé funfun bò ó, kó o fi pẹ́ńsùlù tọ ìlà tó o bá nílò nìkan. Báyìí, bí wọ́n ṣe ń dì í mú gan-an lo máa yà, kì í ṣe bó o ṣe rò pé wọ́n ń dì í mú.

Lẹ́yìn náà, fi bírò dúdú tàbí máákà tọ̀ ọ́ kó nípọn, torí ìlà pẹ́ńsùlù máa ń parẹ́ nínú ẹ̀rọ fọtokọ́pì. Ìlà ìta ara èèyàn àti irinṣẹ́ ni kó nípọn jù, èyí tó wà nínú kó tínrín. Lé e sára ògiri, kó o rìn sẹ́yìn dé ibi tí òṣìṣẹ́ máa dúró sí. Bí o kò bá rí ọ̀bẹ láti ibẹ̀, tún un yà kó tóbi. Àwọ̀, pupa kan ṣoṣo ló tó ẹ, ibi tó léwu nìkan sì ni kó o fi sí: ẹnu ẹ̀rọ, ẹnu ọ̀bẹ, ìdí iná. Bí o bá fi pupa kun ìró màmá náà, ojú á lọ sára ìró. Má gbé èyíkéyìí sókè agbada o, èéfín á sọ ọ́ di dúdú kíákíá.

ỌmọOdògbolú kọ:

Ìró màmá gan-an ni wàhálà báyìí 😂. Wọ́n rí ìwé tí mo tọ̀ látara fọ́tò, wọ́n ní gèlè wọn ò dúró dáadáa nínú ẹ̀, kí n tún un wé. Mo sọ fún wọn pé gèlè ò sí lára ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé. Wọ́n ní tí gèlè ò bá dúró, àwọn ò fọwọ́ sí i. Mo ti tún un wé.

Ó ku pátákó. Irú èwo ni kí n rà tí omi ẹ̀gẹ́ ò ní bà jẹ́, ibo sì ni kí n ti rà á?

Alákálàmù kọ:

Lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta pákó nítòsí ọjà Òkè-Àjẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde, má ra pílíwúùdù tínrín, omi á mú un wú, á sì máa ṣí. Bèèrè maríìnì bọ́ọ̀dù, kí wọ́n bá ẹ gé e sí mẹ́jọ níbẹ̀. Fi ọ̀dà olóròóró funfun kun ojú àti ẹ̀yìn, kun etí ẹ̀ náà, torí etí lomi ń gbà wọlé. Jẹ́ kó gbẹ dáadáa kó o tó fi máákà kàn án. Tí o bá ti ṣe tán, pè mí níbí, màá wá bá ẹ fi ọ̀dà tọ ìlà rẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sán ni owó iṣẹ́ mi, gàrí sì ni mo fẹ́, kì í ṣe ìkọ́kọrẹ́.